Toyota Yaris 2008 onílítà 1.5: ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé láti Iléṣà sí Ifẹ̀ lójoojúmọ́?

Ìbéèrè: Olùkọ́ kan ní Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀gá wa. Iléṣà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà, nítorí náà ọ̀nà Òṣù ni mo ń tọ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ 60 kìlómítà. Ọkọ̀ onílítà 2.4 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Kò ṣe mí ní ibi kankan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà bọ́ sí iye tó lé ní 500, tó sì tún ga ju 1,000 náírà lọ ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní 2024, owó oṣù olùkọ́ kò lè gbé e mọ́, mo sì ti tà á.

Ohun tí mo ń wá báyìí ni ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé, irú èyí tí ilẹ̀kùn búùtù rẹ̀ ń ṣí lọ sókè tòun ti gíláàsì, tí kò ní jẹ epo púpọ̀, tí mo sì lè kó ìwé àwọn ọmọ àti ẹrù ọjà sí. Mo ti rí Toyota Yaris 2008 kan nítòsí Làgéré ní Ifẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní tòkunbọ̀ ni òun rà á, pé òun sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 ni, gíá ọ́tò ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní yàtọ̀ sí ti búùtù, aago ìsáré rẹ̀ sì wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù dípò iwájú awakọ̀. Iye tó wà lójú aago náà lé díẹ̀ ní 118,000.

Ẹni tó ń tà á búra pé Yaris kì í bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sá fún un, pé ẹ́ńjìnnì kékeré kò lè gun òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, pé gbígbóná ni yóò máa gbóná. Ẹlòmíràn ní Matrix tàbí Golf 4 ló yẹ mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì yìí lágbára tó, pàápàá nígbà tí mo bá gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta lọ síbi iṣẹ́? Irú àrùn wo ló sábà máa ń ṣe é? Kí ni kí n tẹjú mọ́ kí n tó sanwó? Kí ẹni tó bá dáhùn bá mi sọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé owó tí mo fẹ́ ná yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára mi ká a.

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì Toyota ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Tíṣà, ẹ kú ìmúra. Toyota nìkan ni mo ń tún ṣe, Yaris sì wà lára àwọn tí mo ń ṣí bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì wọn jù lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Yaris tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2007 dé 2011 ni à ń pè ní 1NZ-FE. Sílíńdà mẹ́rin àti fáàfù 16 ló ní, ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 1,497 sísí, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 106. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ fúyẹ́, kò ju nǹkan bí 1,050 kílò lọ, ìdí nìyẹn tí agbára náà fi ń tó o. Ọ̀rẹ́ yín tó ní kò lè gun òkè kò sọ ọ́ bó ṣe rí. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bí èèyàn mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀, tí éésì sì ń ṣiṣẹ́, gíá rẹ̀ tí kò ju ìpele mẹ́rin lọ yóò já sẹ́yìn sí ìkẹta tàbí ìkejì, ẹ́ńjìnnì yóò sì ké sókè, nítorí pé ìgbà tó bá ń yí tó nǹkan bí 4,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń fa ẹrù jù lọ. Igbe yẹn kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ṣéènì ló ń yí kámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́lítì. Golf 4 onílítà 2.0 tí wọ́n dárúkọ fún yín, bẹ́lítì ló ní, bẹ́lítì sì ní àsìkò tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í bá ìwé wá tó máa sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ṣéènì ti 1NZ-FE kò ní àsìkò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ni ẹ̀mí rẹ̀. Agbára ọ́ìlì ni ohun tó ń fa ṣéènì náà le ń lò, agbára ọ́ìlì kan náà sì ni VVT-i, ìyẹn ohun tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ń lò. Tí ọ́ìlì bá dọ̀tí, tó bá ki jù, tàbí tó bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. 5W-30 ni Toyota fọwọ́ sí fún un. Àwọn tó ń da 20W-50 sí i ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, ọ́ìlì tó ki ló dára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé VVT-i tín-ín-rín, asẹ́ kékeré kan tún wà níbẹ̀, ọ́ìlì tó ki kì í sì í tètè débẹ̀ láàárọ̀. Lítà 3.7 ló ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ lítà 4, ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ á sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nínú gálọ́ọ̀nù, kí ẹ gbé e sí búùtù, kí ẹ máa fi ṣe àfikún tí ọ̀pá ìwọ̀n bá fi hàn pé ó lọ sílẹ̀.

Àwọn àrùn tó sábà máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà kò le: wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù lè máa sun omi díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí ìpẹ́pẹ́ gbígbẹ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lára rẹ̀, kóìlì kan nínú mẹ́rin tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná lè kú, ọkọ̀ á máa ta kọ́sẹ̀, ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lè dọ̀tí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n níbi tó dúró sí, ẹ́ńjìnnì sítì lè já. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé ṣe láìjẹ gbèsè.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bulọ́ọ̀kù rẹ̀, irin ni wọ́n fi tẹ́ inú ibi tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀, tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tó bo bulọ́ọ̀kù, náà sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Tó bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí awakọ̀ sì ń wà á lọ, tọ́ọ̀pù lè tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín òun àti bulọ́ọ̀kù lè jó, omi á sì máa wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Yaris yìí kò sì ní aago tí ń fi ooru hàn bíi ti Corolla. Iná méjì péré ló ní, búlúù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, pupa nígbà tó bá ti gbóná jù. Kó tó di pé pupa yọ, nǹkan ti ń bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ọkọ̀ náà ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ bi í ní ìdí. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: tí ohun funfun tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi lè ti wọ inú ọ́ìlì, tí ẹrẹ̀ dúdú bá wà níbẹ̀, wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù. Omi rẹ̀ yẹ kó ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán tàbí omi ìpẹtà, ẹ fura. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kó sítáàtì rẹ̀, kí ẹ sì dúró nítòsí iwájú rẹ̀. Ṣéènì lè ró fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí ọ́ìlì tó gòkè. Tó bá ń ró lọ, ó ti rọ̀ nìyẹn. Èéfín búlúù jẹ́ ọ́ìlì, èéfín dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti móoru jẹ́ omi.

Ẹ tún wo fáànù. Ní àdúgbò wa, tí ọkọ̀ bá gbóná, ohun tí àwọn kan máa ń sáré ṣe ni pé wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, sọnù, wọ́n á sì so fáànù mọ́ iná tààrà kó máa yí láti ìgbà tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ooru á lọ sílẹ̀, oníbàárà á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mósítáàtì kì í tètè móoru dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á gbà pé òtútù ṣì ń mú un, á sì máa da epo kún epo. Epo tí ẹ ń sá fún náà ni ẹ ó tún máa ná. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé fáànù tí wọ́n so tààrà ń bo gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti ń jó mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni tà á fún.

Ìdáhùn: Ìyá oníṣòwò kan ní Iléṣà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Yaris 2009 ni mo ń lò, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, aṣọ ni mo sì ń fi kó láti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ epo ni mo fẹ́ fi lé e. Táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 42. Lójú ọ̀nà tó dán, tí n kò bá sáré àsápajúdé, ó ń jẹ lítà bíi 7 fún 100 kìlómítà. Ti Iléṣà sí Ifẹ̀ àti àbọ̀ kò yẹ kó ju lítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ, pẹ̀lú gbogbo ibi tí a ti ń rọra kọ́ ihò. Epo tó bá ju ìyẹn lọ dáadáa, kí ẹ ti fura sí ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ nípa tẹ́mósítáàtì.

Ẹ má gbàgbé pé onílẹ̀kùn méjì ni èyí tí ẹ rí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta onílẹ̀kùn mẹ́rin irú ọkọ̀ yìí, ìdí tí mo fi mú ti 2009 nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa gbé ẹlẹgbẹ́ yín mẹ́ta, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó wà níwájú ní láti sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ká àga rẹ̀ síwájú, kí àwọn tó kù tó lè wọlé. Fún màmá àgbà tí orúnkún ń dùn, ìyà ni. Àga ẹ̀yìn ń ṣí lulẹ̀ ní tèmi, ìdì aṣọ tí mo ń kó sí i máa ń ya àwọn tó rí i lẹ́nu.

Ó lọ sílẹ̀, ẹ fọkàn sí ìyẹn. Èyí tó kéré jù nínú táyà rẹ̀ jẹ́ 175/65R14, ihò tí jíìpù kò kà sí yóò bá abẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n wo àwo ọ́ìlì bóyá òkúta ti lù ú rí, kí wọ́n sì wo ṣọ́ọ̀kì iwájú. Síárìn rẹ̀ ń lo iná, kì í lo òróró, nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra òróró síárìn fún Yaris, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn bi mẹkáníìkì míì.

Ìdáhùn: Awakọ̀ Matrix kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé 1NZ-FE dára, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa gbé èèyàn mẹ́rin lójoojúmọ́, Matrix ló yẹ ẹ́. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní yàtọ̀ sí ti búùtù, àga ẹ̀yìn àti àga èrò iwájú rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ pátápátá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ lítà 1.8, èyí tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, ọ̀kan náà tó wà nínú Corolla àsìkò rẹ̀. Nítorí ìyẹn, kò sí mẹkáníìkì láti Ìpetumodù dé Iléṣà tí kò mọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbi gbogbo. Ṣéènì lòun náà ń lò. Ó lé ní 1,200 kílò, epo rẹ̀ á ju ti Yaris lọ díẹ̀, mi ò ní jiyàn ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn 1ZZ-FE àkọ́kọ́ máa ń mu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré, ó ń dí, ríìngì á lẹ̀, ọ́ìlì á sì máa jó pọ̀ mọ́ epo. Wọ́n tún un ṣe nígbà tó yá, nítorí náà ti 2005 sókè ni kí ẹ wá. Àwọn ti 2005 dé 2008 náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wọn, torí pé ọkọ̀ lè kú lójú ọ̀nà tàbí kó kọ̀ láti sítáàtì. Èyí tí wọ́n bá ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní wàhálà lórí ìyẹn.

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì Toyota ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, ohun tí ẹ sọ nípa 1ZZ-FE pé. Tí mo bá rí Matrix 2006 tí kì í mu ọ́ìlì, tí owó rẹ̀ sì bá apá Tíṣà mu, mi ò ní sọ pé kí wọ́n má rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé epo ló lé òun kúrò nínú ọkọ̀ àtijọ́, 1NZ-FE tí wọ́n tọ́jú ni mo máa fún un. Mo fi 1NZ-FE síwájú nítorí pé n kì í ṣí i nítorí ọ́ìlì mímu àyàfi tí wọ́n bá ti jẹ́ kó gbóná tàbí tí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú pá a. Ẹbí ẹ́ńjìnnì yìí, 1NZ-FXE, náà ni wọ́n lò nínú Prius títí di 2009. Scion xA àti xB àkọ́kọ́, tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ń lo 1NZ-FE gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà.

Ìdáhùn: Ẹnjiníà kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un, ìkejì sì kan ẹ̀mí èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, èyí tí a ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ ó rí i láti ìta gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ ó sì tún rí i lára páálí tó wà níbi òpó ilẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ bára mu níbi méjèèjì. Tó bá fi JTD bẹ̀rẹ̀, Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí fún Yaris tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Tó bá fi VNK bẹ̀rẹ̀, Faransé ni wọ́n ti ṣe é fún ọjà Yúróòpù, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì lè jẹ́ lítà 1.0 tàbí 1.3, kì í ṣe 1.5. Àmì kẹwàá ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ní ti aago ìsáré, máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, kìlómítà ni ti Kánádà ń kà. Tí 118,000 tí ẹ rí bá jẹ́ máìlì, ó súnmọ́ 190,000 kìlómítà. Kò pọ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì yìí tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n kí owó tí ẹ máa san bá a mu.

Èkejì ni ti àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú èrò, èyí tí a ń pè ní ẹ́ábáàgì. Yaris 2007 dé 2011 àti Matrix 2003 dé 2008 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí Takata ṣe. Ohun tó ń fẹ́ àpò náà jáde lójijì ń ṣá tí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá sì kọ lu nǹkan, agolo irin tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́ yángá, kó máa fọ́n irin sí ojú àti ọrùn èrò. Ó ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ilẹ̀ wa gbóná, ó sì lọ́rinrin, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì ń wọlé láìtíì ṣe àtúnṣe yìí. Ẹ tẹ VIN náà sí ojú ìwé NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ojú pópó. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí wọn ò tíì ṣe é. Mo bẹ yín, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi súkúrúdiráfà tú àpò náà lẹ́bàá ọ̀nà.

Àfikún: Olùkọ́ kan ní Iléṣà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, màmá wa, àti ẹ̀yin àbúrò. Mo ti lọ wo ọkọ̀ náà ní àárọ̀ kùtù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì tutù. Ṣéènì ró díẹ̀, ó sì dákẹ́. Abẹ́ ìdérí ọ́ìlì mọ́, kò sí funfun, kò sí ẹrẹ̀, ọ́ìlì tó wà lára ọ̀pá ìwọ̀n dúdú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó wà láàárín ìlà méjèèjì. N kò rí èéfín kankan. VIN rẹ̀ fi JTD bẹ̀rẹ̀, 8 ni àmì kẹwàá, máìlì ni aago rẹ̀ ń kà.

Ohun tó mú mi dúró ni pé omi rédíétọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìpẹtà, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí a ti ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó sítáàtì pàápàá. A wà á láti Làgéré lọ sí ẹnubodè Ifáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iná búlúù náà kò kú títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní mẹkáníìkì òun ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gbóná láéláé, pé àǹfààní ni. NHTSA náà fi hàn pé wọn kò tíì ṣe àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó ti gbà láti dín owó kù. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì Toyota ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Tíṣà, ẹ má tíì fi sílẹ̀, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí ẹ rí dára ní apá ọ́ìlì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n dá ẹ́ńjìnnì náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yọ tẹ́mósítáàtì Yaris láìnídìí. Ọkọ̀ náà ti gbóná rí, ohun tí a kò mọ̀ ni bí ìpalára rẹ̀ ṣe tó, ẹ́ńjìnnì tí fáànù ń fẹ́ láti òwúrọ̀ kò sì lè sọ ọ́ fún wa.

Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ náà sun ọgbà mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kì í ṣe tirẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n ṣí ẹnu rédíétọ̀, kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, kí wọ́n sì tẹjú mọ́ omi náà. Tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi, yóò máa hó kúlúkúlú láìtíì gbóná, kò sì ní dáwọ́ dúró. Kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Kí wọ́n fún ètò omi rẹ̀ ní afẹ́fẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá yóò dúró tàbí yóò máa jò, kí wọ́n sì fojú sí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù.

Tí gbogbo ìyẹn bá yọrí, kí wọ́n fọ ìpẹtà inú rédíétọ̀ kúrò, kí wọ́n da omi aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti Toyota sí i, kí wọ́n fi tẹ́mósítáàtì tuntun tó ń ṣí ní nǹkan bí 82 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì sí i, kí rewáyà sì dá fáànù padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é, kó máa yí nígbà tí ooru bá pè é tàbí tí éésì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wà á, ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á pẹ̀lú èèyàn méjì míì, kí ẹ tan éésì, kí ẹ gba ọ̀nà Òṣù lọ sí Iléṣà ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì padà. Iná búlúù gbọ́dọ̀ kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbéra. Pupa kò gbọ́dọ̀ yọ rárá. Nígbà tó bá tún tutù, kí omi rẹ̀ wà níbi tó wà kí ẹ tó gbéra.

Owó àyẹ̀wò àti owó àtúnṣe wọ̀nyí, ẹni tó ń tà á ló yẹ kó san án tàbí kó yọ ọ́ kúrò nínú iye tó pè, yàtọ̀ sí èyí tó ti dín kù tẹ́lẹ̀. Tó bá kọ̀ pé kí ọkọ̀ má sun ọgbà, tàbí pé kí wọ́n má fọwọ́ kan fáànù, ẹ kí i kó dàbọ̀, Yaris míì wà. Tó bá gbà, tí ọkọ̀ sì yege, ẹ rà á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo òróró gíá pẹ̀lú, WS ni Toyota fẹ́ fún un. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ pè mí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ tí ẹnjiníà sọ, èmi náà fara mọ́ ọn. Ẹ kàn sí ọ́fíìsì Toyota tó súnmọ́ yín pẹ̀lú VIN náà lọ́wọ́, kí ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀, títí wọn yóò sì fi ṣe é, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín máa jókòó sẹ́yìn, kí àga èrò iwájú ṣófo.